BÍ ÌWÉ TÍ A KÀ BÁ DI ÀBÁMỌ̀

Ọ̀rọ̀ tí Ìmáàmù bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní ìlú Ogbooro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí

  

Ìwé ìpè tí ẹgbẹ́ kọ sí mi sọ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọlá tí ó wà nínú ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ó fi sú yín, bí ẹ kò tilẹ̀ wí. Ẹ gbà mí láyè kí n yà kúrò lórí rẹ̀ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni èyí tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba: bí ọmọ bá kàwé tán, tí ó gba oyè, tí wọ́n pa àgbò, tí ìyá rẹ̀ jó dé ìta, tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí òun kà yìí kò lè jẹ́ ohun tí òun yóò fi ayé òun ṣe, kí ni ẹ̀sìn ní kí ó ṣe, kí sì ni làákàyè ní kí ó ṣe?

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Íṣàì. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n nínú yín, kí ó fi í sí ikùn ara rẹ̀. Ó jókòó lórí ẹní, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó máa la ẹnu, ó ní, “Áfáà, ẹ bá mi bá ọmọ mi wí. Mo ta oko kajú mi kí ó lè lọ sí Yunifásítì. Ó ti jáde, ó ti sin ìlú tán, ó wá lọ jókòó sí ìdí òfì ní Ìṣẹ́yìn, ó ń hun aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ni ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀.”

Mo bi í pé kí ni ọmọ náà kà. Ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, pé ó jẹ mọ́ ẹranko.

Ẹ fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn, nítorí a óò padà sídìí rẹ̀. Bàbá tí ó ta oko rẹ̀ kò mọ orúkọ ohun tí ó ra. N kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Èmi náà jẹ́ bàbá, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níhìn-ín ni a san owó ìwé tí a kò béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. “Ọmọ mi wà ní Yunifásítì” ti tó wa.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ gbọ́ tẹnu ọmọ, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ Ìṣẹ́yìn. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ni wọ́n ti ń hun ẹtù, sányán àti àlàárì níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ahunṣọ náà sì jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ ilé-kéwú, tí ń ka hísíbù nígbà tí ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ títí mo fi dé abẹ́ àtíbàbà wọn ni pé àwọn tí ó ní oyè wà nínú wọn tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ó jókòó sí ọwọ́ òsì ọmọ wa kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó. Ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ jáde ní Pólì. Kò sí ẹni tí ó yà lẹ́nu níbẹ̀ àfi èmi.

Ọmọ náà sọ tirẹ̀ fún mi láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ kọ́. Ó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, máàkì rẹ̀ kò tó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ní 2017, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ẹ̀kọ́ tí kò béèrè fún. Gbogbo ilé ní kí ó gbà á, kí ọdún má baà tún lọ. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ Yunifásítì yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, wọ́n tún yàn án lódì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, nítorí náà 2023 ni ó tó jáde. Ó lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ó padà wá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní owó oṣù tí kò lè ra àpò ìrẹsì kan. Ó wá sọ gbólóhùn kan fún mi tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, “Áfáà, n kò kórìíra ìwé. Mo ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ohun tí n kò yàn. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi ọgbọ̀n ọdún mìíràn ṣe é, nítorí kí ojú má baà tì wá.”

Ní 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ètò náà mú kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà jókòó sí ìdánwò kan náà, ó sì ní àǹfààní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọmọ wa ṣe ń yan ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kò tíì rí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà rí, yóò lọ sí ilé kọ̀ǹpútà ní Ṣakí tàbí ní Àgọ́-Àmọ̀dú, ọmọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ni yóò sì bá a kún fọ́ọ̀mù. Orúkọ iṣẹ́ mẹ́rin ni a mọ̀ nílé: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, akáǹtáǹtì. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àyè àwọn mẹ́rin yìí bá ti kún, òun ni wọn yóò fún ọmọ. Ọmọ yóò gbà á, a óò sì máa pè é ní kádàrá. Mo gba kádàrá gbọ́. Ó wà nínú òpó ìgbàgbọ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé gbogbo ohun tí a kò fara balẹ̀ rò ni kí a kó dà sí ọrùn kádàrá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí sí Ìmáàmù nìkan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ara mi tí n kò sọ lórí mínbárì rí.

Ilé-kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wàláà ni mo fi mọ lẹ́tà kí n tó mọ A, B, D. Mo parí ilé-kéwú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ jókòó sí ìdánwò ìwé mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo jù lọ, mo wọ Yunifásítì, mo ka Lárúbáwá. Àkókò ìyanṣẹ́lódì àti rògbòdìyàn ìdìbò 12 oṣù Kẹfà 1993 ni, a wọlé, a jáde, a tún wọlé. Nígbà tí mo gba oyè ní 1996, mo rò pé ìjọba ti ń wá mi kiri. Ọdún méjì ni mo fi gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ kiri láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Níbi tí mo bá dé, wọn a wo ìwé mi, wọn a wo ojú mi, wọn a ní, “Lárúbáwá? Kí ni a óò fi ṣe níhìn-ín?” Ẹni tí ó bọ́ mi ní ọdún méjèèjì náà ni àbúrò mi tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, tí ń tún alùpùpù ṣe. Ó máa ń fi owó sí abẹ́ ìrọ̀rí mi kí ojú má baà tì mí láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ilé Ọlọ́hun yìí, n óò jẹ́wọ́: mo kábàámọ̀ pé mo ka Lárúbáwá. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ dé ibi pé bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń ka ewì Lárúbáwá, inú a máa bí mi. N kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ta ni yóò gbọ́ pé Áfáà kábàámọ̀ èdè tí a fi sọ Al-Kùránì kalẹ̀?

Ní 1998 mo lọ sí Ṣakí, mo bá aránṣọ kan pé kí ó gbà mí ní ọmọ-iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ rò pé aṣọ ni mo mú wá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, èmi sì ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, èmi ni wọ́n ń rán lọ ra òwú àti bọ́tìnnì. Ó ń pè mí ní “Áfáà”, n kò fẹ́. Mo ń pè é ní “Ọ̀gá”, òun náà kò fẹ́. Báyìí ni a ṣe ń fi ara gbá ara lójoojúmọ́, títí a fi gbà fún ara wa.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà ní Yunifásítì wọ ṣọ́ọ̀bù náà wá pẹ̀lú aṣọ léèsì lọ́wọ́. Ó ti ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba. Bí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sá sẹ́yìn aṣọ ìkélé tí a fi ń wọn àwọn obìnrin. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi lọ, áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ mi, n kò rí ibi gbé e sí. Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó kàn ní, “Áfáà, ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá ń sá fún oníbàárà kò lè ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.”

Mo ti ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aránṣọ yẹn ni ó là mí lójú nípa ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àbámọ̀ mi wò bí ẹni ń tú aṣọ tí wọ́n rán pọ̀. Ṣé ìmọ̀ náà gan-an ni mo kórìíra? Rárá, bí mo bá dá wà ní òru, mo ṣì ń ṣí ìwé náfù wò. Ṣé iṣẹ́ tí ó bá ìmọ̀ náà wá ni n kò fẹ́? N kò tilẹ̀ tíì ṣe é rí tí mo fi lè kórìíra rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé mo ti gbà lọ́kàn mi pé ìwé ẹ̀rí jẹ mí ní gbèsè, kò sì san án. Àti pé ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wúwo lọ́rùn mi ju ebi lọ. Irú àbámọ̀ bẹ́ẹ̀, bí o bá gbé e lọ sí ìdí iṣẹ́ mìíràn, yóò bá ọ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ̀dọ́ tí ó bá wá bá mi pé kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń kábàámọ̀ rẹ̀ ná. Ẹni tí kò lè fara da ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ka nọ́ọ̀sì, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó fẹ́ràn nọ́ọ̀sì tí kò sì ríṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní láti yí ọ̀nà padà. Ó lè jẹ́ pé ìlú ni ẹnì kejì máa yí padà, tàbí kí ó kàn ní sùúrù ọdún kan sí i.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò kí n tó gba òmìnira. Owó tí mo rí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fi padà lọ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ni, èyí tí wọ́n ń pè ní PGDE. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Lárúbáwá. Ẹ̀rọ mi kò sì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀wù tí ẹ ń wò lọ́rùn mi yìí, èmi ni mo rán an.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé yíyí ọ̀nà padà jẹ́ àṣà ìgbà ìkẹyìn. Sībawayhi, ẹni tí gbogbo ọmọ ilé-kéwú mọ orúkọ rẹ̀, ìmọ̀ hádíìsì ni ó wá kọ́ ní Basra. Ó ń kà á fún olùkọ́ rẹ̀, Hammād ọmọ Salama, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, olùkọ́ náà sì tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Ojú tì í. Ó pinnu láti lọ kọ́ ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè bá a wí nípa rẹ̀ mọ́, ó wá lọ jókòó ti al-Khalīl ọmọ Ahmad. Ìwé tí ó kọ lórí gírámà Lárúbáwá ni gbogbo àwọn tí ó kẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀ títí di òní. Al-Qaffāl ti Marw, àgbà kan nínú mádíhàbù Shāfi‘ī, alágbẹ̀dẹ àgádágodo ni, ó ti dàgbà dáadáa kí ó tó fi òòlù sílẹ̀ kí ó tó mú kálàmù. Orúkọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà ni a ṣì fi ń pè é.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ti Imām al-Ghazālī, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ní 1091, Nizām al-Mulk, wàsírì àgbà ìjọba Saljuq, yàn án ní olùkọ́ ní Nizāmiyya ti Baghdad. Kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Kò sí ipò olùkọ́ tí ó ga ju ìyẹn lọ nígbà náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jókòó sí iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé òkìkí ni òun ń fi ìmọ̀ wá. Ó fẹ́ lọ, kò lè lọ. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, bí ó bá pinnu ní òwúrọ̀, yóò yí i padà ní alẹ́. Títí ahọ́n rẹ̀ fi kọ̀, tí kò lè kọ́ni mọ́. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun. Àwọn oníṣègùn ní àìsàn ọkàn ni. Ní 1095 ó fi Baghdad sílẹ̀, ó ní Mẹ́kà ni òun ń lọ kí wọ́n má baà dá a dúró, ó sì kọrí sí Damásíkù.

Ẹ wo ohun mẹ́ta kan tí àwọn tí ń sọ ìtàn yìí kì í dúró lé. Kí ó tó pín ohun ìní rẹ̀, ó yọ èyí tí yóò tó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò fi ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebi kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, kò da ìmọ̀ àtijọ́ nù: fíkíhì tí ó kọ́, ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ tí ó kọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó wọ inú Ihyā tí ó kọ lẹ́yìn náà. Ní 1106, ó sì tún padà sí ìdí iṣẹ́ olùkọ́ni, ní Nīsābūr, iṣẹ́ tí ó sá fún gan-an, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àníyàn mìíràn. Ó kú sí Tūs ní 1111. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yà kúrò ní ọ̀nà kan lè tún bá a pàdé níwájú. Bí Lárúbáwá ṣe rí fún èmi náà nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kì í ṣe Ghazālī. Aránṣọ ni mí.

Nílé wa níhìn-ín náà, ẹ mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó kú ní 2018. Èdè Faransé ni ó gba oyè rẹ̀ nínú rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. N kò sọ pé ó kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà, nígbà tí ó ń ka Faransé lọ́wọ́, ni ó ti kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní èdè Yorùbá. Ó tún padà gba oyè kejì nínú èdè Yorùbá ní Yunifásítì Èkó ní 1978, ó sì di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ ní 1991. Ta ni ó ń bi í pé Faransé rẹ̀ dà? Àti pé “Lárúbáwá, kí ni a óò fi ṣe” tí wọ́n ń bi mí, Lárúbáwá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlọ́yẹ̀ẹ́dẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin. Ó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì náà láti 2007 sí 2012, nígbà tí ó sì di 2016, àjọ JAMB tí à ń sọ yìí gan-an ni wọ́n ní kí ó wá darí.

Kí n má baà di ẹni tí ń fi adùn ìtàn tan ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí ó korò. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àlùjánnà. Àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn sọ fún mi pé owó òwú ń gùn òkè lójoojúmọ́. Ayẹyẹ ni ó ń gbé ọjà wọn. Ní 2020 tí ìjọba fòfin de àpéjọ nítorí àrùn Kòrónà, ta ni yóò ra aṣọ ẹbí? Ẹni tí ó bá ń sá fún ìyà oyè rẹ̀ bọ́ sí ìdí òfì nítorí ó rí fọ́tò aláṣọ kan lórí fóònù, òun náà ń lọ kún fọ́ọ̀mù JAMB mìíràn ni. Ìjọba náà ti gbìyànjú láti bá ọmọ yan iṣẹ́ ọwọ́ rí. Láti 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ìwé mẹ́fà lọ sí abúlé àgbẹ̀ ìgbàlódé, bí èyí tí ó wà ní Ìlọrà àti ní Akùfọ̀. Wọ́n fún wọn ní ilé àti ilẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ní 1986 ni ìjọba ológun dá NDE sílẹ̀, tí ó ń fi ọ̀dọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn kan jàǹfààní, àwọn kan gba owó, wọ́n fi fẹ́ ìyàwó. Oko kò burú, bẹ́ẹ̀ ni òfì kò burú. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá yàn fúnni, ì báà jẹ́ ti ìwé tàbí ti ọwọ́, kì í pẹ́ sú ọwọ́.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ni ti ìlú òyìnbó. Láti oṣù Kejì 2022 tí ìjọba Bìrìtìkó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí yóò máa tọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ka òfin, tí ó ka iṣẹ́ báńkì, ni ó fi oyè wọn sínú àpótí tí wọ́n lọ ń wẹ arúgbó. Iṣẹ́ ọmọlúwàbí ni, ẹ̀sán sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta 2024 wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ kó ìyàwó àti ọmọ wá mọ́, nígbà tí ó sì di oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí ó wà lókèèrè. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ó rò ó dáadáa.

Fún ẹni tí ó ṣì fẹ́ ìwé, ọ̀nà kò dí. Ẹni tí ó ní oyè lè fi í wọ ipele kejì ní ẹ̀kọ́ mìíràn, ohun tí wọ́n ń pè ní Direct Entry. Yunifásítì NOUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n tì ní 1984, tí wọ́n tún ṣí ní 2002, ń jẹ́ kí ènìyàn kàwé nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti 1993 ni òfin TRCN ti wà tí ó ní kí olùkọ́ ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń fi oyè ẹranko àti oyè àpáta kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ lọ gba PGDE, kí ó di iṣẹ́ gidi. Ìkìlọ̀ mi kan ṣoṣo: ẹ má ṣe fi oyè kejì sá fún ìbéèrè tí oyè àkọ́kọ́ kò dáhùn. Mo mọ ẹnìkan tí ó ní ìwé ẹ̀rí mẹ́rin, tí ó ṣì ń bi mí pé kí ni kí òun ṣe.

Nípa àdúrà ìstíkhárà, Ànábì (S.A.W.) fi í kọ́ àwọn sàhábà nínú gbogbo ọ̀ràn wọn, rákà méjì àti àdúrà lẹ́yìn rẹ̀. A ti sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn ń kí, tí yóò sì sùn, tí yóò máa retí àlá aláwọ̀ ewé. Àlá kò sí nínú májẹ̀mu rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, lọ jókòó tì wọ́n fún oṣù kan, ṣírò owó rẹ̀, gba ìmọ̀ràn àgbà, kí o tó kí ìrun rẹ. Kí o wá gbé ẹsẹ̀, ibi tí Ọlọ́hun bá mú un rọrùn, kí o gba ibẹ̀ lọ.

Ó wá ku ọ̀ràn àwa òbí. Bàbá yẹn bi mí léèrè pé ṣé ọmọ tí ó kọ iṣẹ́ tí bàbá ta oko fún kò ti di aláìgbọràn lójú Ọlọ́hun? Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mélòó kan. Èrò mi ni mo ń sọ yìí, ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ jù mí lọ lè tún un ṣe. Ìtẹríba fún òbí jẹ́ ọ̀ranyàn, ọmọ tí ó bá gbé ohùn sókè sí bàbá rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ halálì tí ọmọ tí ó ti bàlágà yóò fi jẹun, n kò rí i pé Ṣáríà fi sí ọwọ́ bàbá láti bá a yàn. Gbèsè kan wà lọ́rùn ọmọ: kí ó fi sùúrù ṣàlàyé, kí ó má ṣe sá lọ láìdágbére, bí ọmọ yìí ti ṣe, mo sì bá a wí gidigidi lórí ìyẹn. Gbèsè kan wà lọ́rùn bàbá náà. Oko kajú ti lọ. Bí ọmọ náà bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ohun tí ó kórìíra, oko náà kò ní padà. Kìkì pé ohun méjì ni a óò ti pàdánù dípò ẹyọ kan. Mo sọ ọ́ fún bàbá bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi. Ó ní òun rò pé èmi yóò gbè lẹ́yìn àgbà.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ náà fi aṣọ ẹtù kan rán mi sí bàbá rẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ hun parí láìsí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ. Bàbá gbà á, ó na án sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí pé èló ni wọ́n ń tà á. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e lé orí àpótí rẹ̀. Títí di òní tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì gbé e lọ fún aránṣọ, kò sì tíì dé Ìṣẹ́yìn. Mo ti sọ fún un pé ọjọ́ tí ó bá gbé e wá, èmi ni n óò rán an, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.